Ìwé Tí Hàrúnà Kọ Láì Wo Fíríìjì

Ọjọ́ Àtìní ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ sì ti fi eruku bo gbogbo òrùlé Ìlọrin. Hàrúnà dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó nu orí tábìlì, ó sì fa ìwé tí wọ́n fi okùn so mọ́ ara fíríìjì.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni ibi iṣẹ́ náà, fíríìjì yẹn sì ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ló yẹ kí Hàrúnà wo bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwọ̀n òtútù náà kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju méjì lọ, kò sì gbọdọ̀ gòkè ju mẹ́jọ lọ. Bí ooru bá wọ abẹ́rẹ́, agbára rẹ̀ yóò lọ, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà.

Hàrúnà kò ṣí fíríìjì. Ó kọ márùn-ún fún àárọ̀. Ó kọ márùn-ún fún ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì lẹ́. Nígbà tí bírò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúkú kọ ti ọjọ́ kejì mọ́ ọn.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Hàrúnà kì í jí oògùn ìjọba, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri ní Gàmbàrí, níbi tí agboolé rẹ̀ wà, ló mọ orúkọ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ náà sì ti di ohun tí ọwọ́ ń dá ṣe, tí ojú kì í sí níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Fèyísọ́lá wọlé bá a. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n gbé e wá síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀gá Hàrúnà, ẹ dákun, ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí." Ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú fíríìjì. "Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti là. Atẹ́gùn ń wọlé. Omi sì ń kán nísàlẹ̀."

Hàrúnà kò dìde. "Fèyísọ́lá, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kíláàsì mélòó lo wà?"

Fèyísọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Púráímárì fáìfù, sà."

"Ó dáa. Rọ́bà yẹn ti là kó o tó dé. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Lọ pe àwọn ìyá ọlọ́mọ wọlé."

Fèyísọ́lá dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó lọ. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́jọ́ mìíràn. Kò sọ ọ́ mọ́.

Ṣé wọ́n kò kọ́ Hàrúnà níṣẹ́ ni? Wọ́n kọ́ ọ. Ní ìparí ọdún tó kọjá, ìjọba pe gbogbo àwọn tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Hàrúnà lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ó fọwọ́ sí ìwé àwọn tó wá, ó jókòó títí wọ́n fi gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí ọjà Ìpàtà lọ ra ọkà bàbà. Lọ́jọ́ kejì, ó dé lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá gba sẹ́tífíkéètì.

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó lójoojúmọ́, yóò sì pa á mọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń kà á. Ìpàtà ni Hàrúnà wà lásìkò yẹn. Ojú ń tì í láti béèrè, ló bá gbé ẹ̀rọ náà sí kọ̀rọ̀ fíríìjì, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní agboolé tó kángun sí ti Hàrúnà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Asabe. Fìlà ló ń rán tà. Habibullah ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ sí Sókótó, kì í sábà sí nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sadiya, ọmọ náà sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ìgbà tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èéyi.

"Ẹ̀gbọ́n," Asabe wí fún Hàrúnà lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, "ìyá ọkọ mi ní kí n má gbé Sadiya lọ. Ó ní àwọn kò gba abẹ́rẹ́ kankan kí àwọn tó dàgbà."

"Ìyá ń wí tìyá ni. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ni èéyi kò gbé lọ? Ó ń pa ọmọ, Asabe. Ó ń fọ́ ọmọ lójú. Wàlláhì, abẹ́rẹ́ yìí kò ní aburú nínú. Gbé e wá lọ́jọ́ Àlàmísì."

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Bí nǹkan kan bá ṣe é, èmi ni kí o mú."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni Asabe fi kọ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó pọn Sadiya, ó jókòó sáàárín àwọn ìyá bí ọgọ́ta. Nígbà tó kàn án, Hàrúnà fúnra rẹ̀ ló lọ mú ìgò abẹ́rẹ́ wá.

Àmì kékeré kan máa ń wà lára ìgò abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Róbótó kan ni, onígun mẹ́rin kan sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dára, onígun mẹ́rin yẹn yóò funfun ju róbótó tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ti ń wọ̀ ọ́, yóò máa dúdú. Ọjọ́ tó bá dúdú bíi róbótó, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́, dídànù ló kù.

Fèyísọ́lá gbé ìgò náà sókè. "Ọ̀gá, ẹ wo àmì yìí. Ó dà bíi pé ó ti dúdú jù."

"Inú yàrá yìí ló ṣókùnkùn. Àwọn èèyàn ń dúró dè wá."

Fèyísọ́lá wo ojú Hàrúnà, ó wo àwọn ìyá tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa abẹ́rẹ́ náà, ó gún Sadiya. Ọmọ náà ké, Asabe rẹ̀ ẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru mú gan-an, ara Sadiya bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ń húkọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi, ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan wínníwínní yọ lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Ìyá ọkọ wò ó, ó ní èéyi ni.

"Kò lè jẹ́ èéyi, Ìyá," Asabe dá a lóhùn. "Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀."

Ìgbàgbọ́ yìí ló jẹ́ kí ó dúró fún ọjọ́ méjì sí i, tó ń fi omi tútù nu ọmọ lára. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, Sadiya kò lè la ojú mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ yè, alihamudu lilahi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ là, ti apá òsì ti funfun bí ẹfun. Dókítà ní ojú náà kò ní ríran mọ́.

Hàrúnà lọ kí wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì. Asabe jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sunkún. Ó dà bíi pé ó ti sun ún tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí nǹkan kan bá ṣe é, ẹ̀yin ni kí n mú. N kò mú yín o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ni. Ṣé omi ni wọ́n gún ọmọ mi?"

Hàrúnà la ẹnu. "Asabe, àmúwá Ọlọ́run ni," ló sọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn náà kò sì jọ tirẹ̀. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ní Gàmbàrí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kànga pé omi lásán ni ìjọba ń gún fún ọmọ. Lọ́jọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, ìyá mẹ́ta péré ló wá.

Ìyáàfin Juliana Adégbóyè wá lọ́jọ́ Àtàláátà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, àmọ́ ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ṣiṣẹ́ ìlera ní Ìlọrin, òun sì ni ọ̀gá tó ń bojú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbogbo ilé ìwòsàn agbègbè náà. Ó pe Hàrúnà àti Fèyísọ́lá sínú yàrá fíríìjì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mọ́kànlá," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mọ́kànlá ló ní èéyi ní agbègbè yìí, ibí ni gbogbo wọn sì ti gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, kò ní yà mí lẹ́nu, torí abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án nìkan kì í dáàbò bo gbogbo ọmọ tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún wọn ní èkejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ mọ́kànlá?"

Ó ṣí fíríìjì, ó nawọ́ sí kọ̀rọ̀, ó mú ẹ̀rọ kékeré yẹn jáde, ó nà án sí Hàrúnà. "Kà á fún mi."

Hàrúnà gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mà, n kò mọ̀ ọ́n kà."

"Orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo fọwọ́ síwèé, mà. N kò jókòó."

Ìyáàfin Adégbóyè kò pariwo. Ó fi bọ́tìnì hàn án, ó tẹ̀ ẹ́, nọ́ḿbà jáde. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Wo ọjọ́ tó kọ sókè rẹ̀. Ìwọ, kí lo kọ sínú ìwé rẹ lọ́jọ́ náà?"

Hàrúnà fa ìwé náà. "Márùn-ún."

"Ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀rọ ní mẹ́rìndínlógún. Ìwé rẹ ńkọ́?"

"Márùn-ún."

"Ọjọ́ yìí, ọjọ́ Àìkú ni. Ṣé o wá síbi iṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Kí lo kọ?"

Hàrúnà pa ìwé náà dé, ó gbé e lé tábìlì. "Iná kì í dúró, mà," ló ní. "Rọ́bà fíríìjì sì ti là."

"Òótọ́ ni. Ìwọ kọ́ lo mú iná lọ, ìwọ kọ́ lo la rọ́bà. Bí o bá ti kọ mẹ́tàdínlógún sínú ìwé yìí, à bá ti gbọ́. À bá ti kó abẹ́rẹ́ yẹn kúrò, kí a gbé fíríìjì mìíràn wá. Ìwé tó bá ń sọ pé gbogbo nǹkan dára, ta ni yóò wá wò ó?" Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti wá yẹ ibí wò láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mò ń ka márùn-ún rẹ, mo sì ń dúpẹ́."

Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo rí àmì ara ìgò yẹn, mà. Mo rí i. Mo sọ fún wọn."

"O sọ lẹ́ẹ̀kan, o sì gún un," ni Ìyáàfin Adégbóyè dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bí o bá rí i pé oògùn bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mọ́. Gbé e sílẹ̀, kí o pè mí. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, inú rẹ̀ yóò padà rọ̀."

Ó fọwọ́ kan ìwé tó wà lórí tábìlì. "Hàrúnà, ìwé ẹ̀sùn yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, n kò sì ní fi ohunkóhun pa mọ́. Láti òní, Fèyísọ́lá ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ fíríìjì yìí. Òun ni yóò kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ yẹn, Hàrúnà kò lè jẹun nílé. Ládi ìyàwó rẹ̀ gbé àwo síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò. Nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un tán, Ládi jókòó tì í.

"Ṣé Asabe ti gbọ́?"

"Rárá. Bí mo bá sọ fún un, wọn kò ní jẹ́ ká gbé àdúgbò yìí mọ́."

"Bí o kò bá sọ fún un ńkọ́? Yóò máa rò pé abẹ́rẹ́ ló da òun. Bó bá bí òmíràn, kò ní gbé e lọ. Wọ́n fọkàn tán ọ, wọ́n fi ọmọ yẹn ṣe àmánà sí ọ lọ́wọ́, Bàbá Rodiyah. Ẹni tí àmánà bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, òun ni í lọ sọ ọ́."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Hàrúnà wọ agboolé Asabe. Ó salamọ̀, wọ́n dá a lóhùn. Asabe ń rán fìlà, Sadiya jókòó lórí ẹní, ó sì ní láti yí gbogbo orí padà kí ó tó rí ẹni tó wọlé. Wọ́n ní kí Hàrúnà jókòó, kò jókòó.

"Asabe, o bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ní ilé ìwòsàn, n kò dá ọ lóhùn. Kì í ṣe omi. Abẹ́rẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ooru ti wọ̀ ọ́, ó ti bàjẹ́, èmi ni mo sì jẹ́ kó bàjẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa wò ó. N kò wò ó. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wò ó."

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ dúró lọ́wọ́ Asabe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Suubanallahi!" ó sì fi ìborùn bo ẹnu.

"Má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi bínú sí abẹ́rẹ́ àjẹsára," Hàrúnà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, omi ti ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo da ọmọ rẹ. Òun kọ́."

Asabe gbé Sadiya lé itan. "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ máa lọ ná."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Títí di òní, kò tíì sọ ọ́.

Wọ́n dá Hàrúnà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Fíríìjì tuntun tó ń lo oòrùn dé. Ìyáàfin Adégbóyè kó àwọn òṣìṣẹ́ kiri ilé, wọ́n ń pe gbogbo ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ wá padà, kí wọ́n lè tún un gbà. Hàrúnà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ń bá wọn rìn. Ní ilé tí wọ́n bá ti ní omi ni abẹ́rẹ́, òun ni yóò jáde síwájú, yóò sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan bú u. Obìnrin kan da omi ìfọṣọ sí i lára. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọmọ wọn wá.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó bí ọmọléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèyísọ́lá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ. Ó kọ́ ohun tó yẹ kí ó ṣe bí iná bá lọ, àti bí wọ́n ṣe ń to yìnyín sínú kúlà kí wọ́n tó kó abẹ́rẹ́ sí i. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé e, iwájú ló jókòó sí. Ó béèrè ìbéèrè tó pọ̀ débi pé àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín.

Asabe náà wá lọ́jọ́ Àlàmísì kan. Èéyi ti kọjá lára Sadiya, àmọ́ abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú tí wọ́n gún un lọ́jọ́ kan náà ti bàjẹ́ bákan náà, wọ́n ní láti tún un gún. Ó gbà kí Fèyísọ́lá gún un. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó kọjá níwájú Hàrúnà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ pé ẹ kì í tọ́jú abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ fáìlì ilẹ̀ lẹ ń tọ́jú, tàbí omi ẹ̀rọ tí ìlú ń mu, tàbí orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá fojú rí, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ rí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe bàjẹ́, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó lè tún un ṣe, torí irọ́ tó dùn nínú ìwé ìjọba ni kì í jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ dé. Bí wọ́n bá pè yín sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ jókòó títí dé òpin. Sẹ́tífíkéètì kò mọ iṣẹ́ ṣe, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má dúró sí ọ́fíìsì kí ẹ máa ka ìwé tó dára. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lọ lè sọ ohun tó rí láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi àmì ara ìgò hàn yín. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí nǹkan sì yọ sí i lára, ẹ má dúró wò ó nílé, ìbáà jẹ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́.

Ẹni tí kò bá sì mọ apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí ó béèrè lónìí, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ìtìjú ẹni tó ní òun kò mọ̀ ọ́n kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ojú ọmọ tó bá fọ́, títí ayé ni.